Pílútò àti Àwọn Òṣùpá Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Lẹ́yìn Ìrìn-Àjò Ọkọ̀ New Horizons

Ìfáàrà

Nígbà tí ètò Ifẹ̀ ti ọdún 1970 bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni gbogbo ayé gbà pé ó ń yí oòrùn ká, Pílútò sì ni ìkẹsàn-án wọn. Lónìí, mẹ́jọ ni wọ́n. Kò sí ohun tí ó ṣe Pílútò: kò fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà tí wọ́n kà á mọ́ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yí padà nínú ìpàdé àgbáyé wọn ní ìlú Prague, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, ọdún 2006. Nígbà tí ó sì ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ó kan olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè bóyá pílánẹ́ẹ̀tì ni Pílútò tàbí kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí atúmọ̀ èdè lọ́kàn ni “pílánẹ́ẹ̀tì aràrá”. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni bóyá ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, àti bóyá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yí i ká, bí òṣùpá, omi dídì àti ọkọ̀ òfurufú, lè ru ẹrù tí wọ́n ń dì lé wọn. Ìdí tí àgbéyẹ̀wò náà fi yẹ ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù keje, ọdún 2015, ọkọ̀ kan kọjá lẹ́bàá Pílútò, ó sì rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ́ni lọ́rùn nígbà tí Pílútò ṣì jẹ́ kìkì ìmọ́lẹ̀ tín-ń-tín lójú ọ̀run ni ó di ọ̀rọ̀ tí kò bá ojú mu mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ náà àti ìrìn rẹ̀

Clyde Tombaugh, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24, ni ó rí Pílútò ní ibùdó Lowell ní ìlú Flagstaff, ìpínlẹ̀ Arizona, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọdún 1930. Venetia Burney, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 ní ìlú Oxford, ni ó dá orúkọ náà lábàá, èyí tí í ṣe orúkọ òrìṣà tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbà pé ó ń jọba lórí ilẹ̀ àwọn òkú. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1978, nígbà tí James Christy rí òṣùpá àkọ́kọ́ tí ó ń bá a rìn, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2006, ni ọkọ̀ New Horizons gbéra ní Cape Canaveral, ní ìpínlẹ̀ Florida. Orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ibi tí arìnrìn-àjò ń wò níwájú tí kò sì lè dé. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 478 kìlógíráàmù. Ní oṣù kejì, ọdún 2007, ó gba ẹ̀gbẹ́ Júpítà kọjá kí agbára òòfà Júpítà lè mú kí ó sáré sí i, èyí sì dín nǹkan bí ọdún mẹ́ta kù nínú ìrìn-àjò rẹ̀. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ń dé Pílútò kò ju bí ìdá kan nínú 1,000 èyí tí ó ń dé ayé lọ, iná oòrùn kò lè tó ọkọ̀ náà lò. Ooru tí ó ń jáde lára plutóníọ̀mù ni wọ́n sọ di iná mànàmáná fún un. Orúkọ Pílútò gan-an ni wọ́n fi sọ plutóníọ̀mù náà, nítorí náà a kúkú lè gbà pé Pílútò ni ó fi orúkọ rẹ̀ gbé àlejò rẹ̀ wá sílé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ fún àtúnṣe nìyí. Àwọn kan a máa pe irú ohun báyìí ní ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n bàálù ni Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ náà pè, ó sì bá bàálù mu, nítorí òfurufú ni ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tí ẹyẹ sì ń fò. Ìyẹ́ bàálù kò wúlò níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nílẹ̀ fún òfìfo gbígbòòrò tí ó wà lókè òfurufú, èyí ni gbalasa. Ọkọ̀ gbalasa ni yóò ya New Horizons sọ́tọ̀ kúrò lára bàálù tí ń ná Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tí ó sọ ohun tí ọkọ̀ náà ṣe níbẹ̀. Kò gúnlẹ̀, kò sì dúró yí Pílútò ká. Bí 14 kìlómítà ni ó ń sá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọkọ̀ tí ó bá sì ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró àfi bí ó bá ru epo tí ó pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn ìrìn-àjò ọdún mẹ́sàn-án àbọ̀, wákàtí díẹ̀ péré ni ó lò nítòsí ibi tí ó ń lọ. Ìgbà tí ó súnmọ́ Pílútò jù, 12,500 kìlómítà ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà “bà sí Pílútò” ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí ì bá rọrùn ni ìrékọjá, ṣùgbọ́n Bíbélì ti gba ìyẹn fún àjọ̀dún àwọn Júù, kò sì sí òǹkàwé tí kò ní ronú ọ̀dọ́ àgùntàn bí ó bá kà á. Ìkọjá-lẹ́bàá ni ó yẹ kí ó dípò rẹ̀: ìkọjá-lẹ́bàá yàtọ̀ sí ìyípo, ó sì yàtọ̀ sí ìgúnlẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ìkọjá-lẹ́bàá náà wáyé ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà rí iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, tí ọkọ̀ náà sì dákẹ́ fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan. Ohùn tí ó bá ti ayé lọ ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èsì náà yóò sì lo iye kan náà. Wákàtí mẹ́sàn-án ni ìbéèrè kan àti ìdáhùn rẹ̀ ń gbà. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyẹn, ní ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn, tí ó fi padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ní ọjọ́ 14 fúnra rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ayé, nítorí pé ara ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n kan àwọn awò rẹ̀ mọ́, kò sì lè wo Pílútò kí ó tún máa bá ayé sọ̀rọ̀. Alẹ́ ni ó tó ránṣẹ́ pé àlàáfíà ni òun wà. Ohun tí ó kó jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyẹn kò tíì dé ayé tán títí di oṣù kẹwàá, ọdún 2016.

Yìnyín, omi dídì àti kùrukùru

Ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù lọ ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ funfun kan tí ó fẹ̀ tó 1,000 kìlómítà, tí wọ́n pè ní Sputnik Planitia. Kòtò-ìkọlù, èyí tí òkúta ojú ọ̀run máa ń dá sí ara ohun tí ó bá já lù, kò sí lójú rẹ̀ rárá. Ohun tí èyí ń fi hàn ni pé ojú ilẹ̀ náà ṣì ń sọ ara rẹ̀ di ọ̀tun: wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 10 ọdún, nígbà tí Pílútò fúnra rẹ̀ ti lo ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin. Náítírójìn tí ó dì ni ó kún ibẹ̀. Èyí tí ó gbóná díẹ̀ nísàlẹ̀ ń rú sókè, èyí tí ó tutù lókè ń rì sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ ṣe ń hó nínú ìkòkò, àfi pé híhó yìí falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Àmì rẹ̀ ni àwọn ìlà tí ó pín pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà sí àwẹ́ àwẹ́, tí fífẹ̀ àwẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà 10 sí 40. Àwọn òkè ńláńlá sì wà létí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Òkè Tenzing ga tó nǹkan bí 6 kìlómítà. Náítírójìn kò lè mọ òkè irú èyí, nítorí pé ó rọ̀. Omi ni ó dì tí ó di òkè. Òtútù ibẹ̀, tí ó tó 230 sẹ́ńtígíréèdì nísàlẹ̀ òdo, ti sọ omi di líle bí òkúta.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ “omi dídì” ti dojú rú. Àwọn ìwé kan máa ń lò ó fún gbogbo ohun tí òtútù bá sọ di líle, kò sì sí ìpalára nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá mọ sí inú fìríìjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ “omi dídì náítírójìn” ti kọ ohun tí kò sí, nítorí kò sí omi nínú náítírójìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni gbogbo ìtàn ojú ilẹ̀ Pílútò: ọ̀kan dúró ṣinṣin bí àpáta, èkejì ń ṣàn bí ẹrẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó dára ni pé kí yìnyín jẹ́ orúkọ gbogbogbòò, tí yóò fi ṣeé ṣe láti sọ yìnyín náítírójìn, yìnyín mẹ́téènì àti yìnyín omi, kí omi dídì sì dúró fún yìnyín omi nìkan. Àwọn kan lè ṣàtakò pé yìnyín ni èyí tí ó ń bá òjò rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti gbòòrò nínú èdè ojoojúmọ́ tipẹ́tipẹ́.

Irú ìṣòro kan náà ni ti afẹ́fẹ́ Pílútò, tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 100,000 ti ayé lọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá tí ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ohun aláwọ̀ búlúù kan tí ó yí Pílútò ká ní ìpele ìpele, tí ó ga ju 200 kìlómítà lọ. Kùrukùru ni èyí í ṣe lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi ni kùrukùru ayé. Ti Pílútò jẹ́ eruku gbígbẹ tí ìtànṣán oòrùn ń dá sílẹ̀ lára mẹ́téènì àti náítírójìn, èyí tí ó bá ti ọyẹ́ mu ju ti àárọ̀ òjò lọ. Bí wọ́n bá pè é ní kùrukùru ọyẹ́, gbogbo ẹni tí ó ti rí bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Òṣùpá márùn-ún

Òṣùpá márùn-ún ni Pílútò ní. Charon ni ó tóbi jù; wọ́n rí Nix àti Hydra ní ọdún 2005, Kerberos ní 2011 àti Styx ní 2012, awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn Hubble ni wọ́n sì fi rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ìtàn ilẹ̀ àwọn òkú ti àwọn ará Gíríìkì ni orúkọ wọn ti wá. Kò sí ìdí láti yí wọn sí Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ìdí láti yí orúkọ ènìyàn padà.

Àwọn kan ti dábàá “ọmọ-ẹ̀yìn” fún òṣùpá tí ó bá ń yí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn ká, kí òṣùpá lè jẹ́ ti ayé nìkan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì ní àwòrán nínú. Charon ni ó tako ó. Ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 1,212 kìlómítà, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ti Pílútò, tí ó jẹ́ nǹkan bí 2,377. Ohun méjì tí ó bá ń yí ara wọn ká, ojú kan tí ìwúwo wọn ti dọ́gba ni wọ́n ń yí ká ní tòótọ́. Ti ayé àti òṣùpá rẹ̀, inú ikùn ayé ni ojú náà wà, ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé òṣùpá nìkan ni ó ń rìn. Ti Pílútò àti Charon, ojú náà wà lóde Pílútò pátápátá, ó ga ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ ní ohun tí ó lé ní 900 kìlómítà. Pílútò náà ń yípo. Ta wá ni ọmọ-ẹ̀yìn ta?

Àwọn àgbà Yorùbá ti rí irú àṣìṣe yìí rí. Wọ́n a máa pe Àgùàlà, ìràwọ̀ títàn tí ó máa ń yọ nítòsí òṣùpá, ní ajá òṣùpá, nítorí pé ó jọ bí ẹni pé ó ń tẹ̀lé e. Àgùàlà kò tẹ̀lé òṣùpá. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń tọ̀ yí oòrùn ká. (Ó kúkú ṣe pẹ̀kí pé ajá ni Kerberos nínú ìtàn Gíríìkì.) Ọ̀rọ̀ “ìbejì”, tí ó tún lè wá síni lọ́kàn fún Pílútò àti Charon, kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyún kan náà ni ìbejì ti ń jáde, ṣùgbọ́n èrò tí ó rinlẹ̀ jù láàárín àwọn onímọ̀ ni pé ohun ńlá kan ni ó kọlu Pílútò láyé àtijọ́ tí Charon fi wáyé. Kí òṣùpá máa jẹ́ òṣùpá nìṣó. Orúkọ gbogbogbòò ni yóò dà, kí wọ́n sì máa sọ òṣùpá ayé nígbà tí ó bá yẹ.

Pílútò àti Charon ń kọ ojú kan náà síra wọn títí, ní ìyípo ọjọ́ mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lójú kan ní Pílútò kò ní rí i kí Charon lé, kò sì ní rí i kí ó wọ̀: yálà kí ó máa rí i lójú kan náà nígbà gbogbo, tàbí kí ó má rí i láéláé. Ìkọjúsíra ni ó yẹ láti pe èyí. Òṣùpá ayé kọjú sí ayé, ṣùgbọ́n ayé kò kọjú sí i, nítorí náà ìkọjúsí lásán ni tiwọn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń retí ni pé àwọn òṣùpá kéékèèké mẹ́rin náà lè máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ láìní ìlànà, nítorí pé Pílútò àti Charon jọ ń fà wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Ohun tí ọkọ̀ náà rí yàtọ̀. Hydra ń pòyì kíákíá, wákàtí mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ni ó ń lò fún ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ó ń lo ọjọ́ 38 kí ó tó yí Pílútò ká. Nix ń lo wákàtí 44 láti pòyì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pípòyì rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn. Kò sí èyí tí ó ní ìkọjúsí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n tún rò tẹ́lẹ̀ pé Kerberos dúdú bí èédú, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré sí ìwúwo tí wọ́n ṣírò fún un. Ìṣírò náà ni kò tọ́: Kerberos mọ́ bí àwọn ìyókù, ó kàn kéré ni, kò gùn ju bí 19 kìlómítà lọ, ó sì jọ bí òkúta méjì tí ó lẹ̀ mọ́ra. Nix àti Hydra gùn tó nǹkan bí 50 kìlómítà, kòtò-ìkọlù sì pọ̀ lára wọn, èyí tí ó fi hàn pé ojú wọn ti wà bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún. Ọ̀kankan nínú wọn kò rí roboto. Bí ọ̀dùnkún ni wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ “pílánẹ́ẹ̀tì aràrá”

Ohun mẹ́ta ni ìpàdé Prague béèrè lọ́wọ́ pílánẹ́ẹ̀tì: kí ó máa yí oòrùn ká, kí ìwúwo rẹ̀ tó èyí tí ó lè sọ ọ́ di roboto, kí ó sì ti gbá ọ̀nà rẹ̀ mọ́, tí kò fi ní sí ohun mìíràn tí ó tó nǹkan tí yóò máa bá a jẹ́ ọ̀nà kan náà. Pílútò yege nínú méjì, ó kùnà ìkẹta, nítorí àwùjọ ohun oníyìnyín tí wọ́n ń pè ní Ìgbànú Kuiper ni ó wà. Eris, tí wọ́n rí nínú àwọn àwòrán ìràwọ̀ ní ọdún 2005, tilẹ̀ wúwo jù ú lọ. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ìlànà yìí yóò rí i pé títóbi kò sí nínú rẹ̀. Ganymede, tí í ṣe òṣùpá Júpítà, tóbi ju pílánẹ́ẹ̀tì Mẹ́kúrì lọ, òṣùpá sì ni síbẹ̀. Àbùkù àkọ́kọ́ lára “aràrá” nìyí: kíkéré ni ó ń sọ, kíkéré kọ́ sì ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Pílútò.

Àbùkù kejì wà nínú gírámà. “Pílánẹ́ẹ̀tì aràrá” lè túmọ̀ sí pílánẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ aràrá, ó sì tún lè túmọ̀ sí pílánẹ́ẹ̀tì tí aràrá ni, bí ilé aràrá tàbí aṣọ aràrá. Ìkẹta kan ìwà: ẹni òrìṣà ni aràrá láàárín àwọn Yorùbá, Ọbàtálá ni ó ni ín, àwọn àgbà kì í sì í fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò dára kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa fi orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ohun tí wọ́n yọ lẹ́gbẹ́, pàápàá bí aráràá kan bá jókòó sínú kíláàsì.

Èyí tí ó lágbára jù ni pé ọ̀rọ̀ náà gbè sẹ́yìn ẹnì kan láìsọ. Alan Stern, olórí ìwádìí New Horizons, ti lo irú ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1991, ó sì fi túmọ̀ sí ẹ̀yà kan lára pílánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí oòrùn ti jẹ́ ìràwọ̀ aràrá tí ó sì jẹ́ ìràwọ̀ síbẹ̀. Ìpàdé Prague gba ọ̀rọ̀ náà, ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, ó ní kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Stern kò gbà títí di òní, òkè omi àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ náítírójìn tí ọkọ̀ rẹ̀ rí sì mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ àríyànjiyàn. Kò yẹ kí ìwé kíláàsì Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí rẹ̀.

“Pílánẹ́ẹ̀tì alájọrìn” ni àbá tí ó dà bí ẹni pé ó gbé ìṣòro yìí kúrò. Ìwà tí ìlànà kẹta ń wí ni ó sọ: ohun tí òun àti àwọn mìíràn jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan. Ó bá Pílútò mu nínú Ìgbànú Kuiper, ó bá Eris, Haumea àti Makemake mu, ó sì bá Ceres mu láàárín àwọn òkúta tí ó wà láàárín Máàsì àti Júpítà. Àwọn kan yóò sọ pé pílánẹ́ẹ̀tì ṣì ni ó síwájú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ-odó kì í ṣe ọmọ, ìyá-ọlọ kò sì bí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fara mọ́ Prague lè kà á bí ọmọ-odó. Ẹni tí ó bá fara mọ́ Stern lè kà á bí ọmọ ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ náà gba àwọn méjèèjì.

Ceres yẹ fún ìrántí nínú ọ̀ràn yìí. Giuseppe Piazzi rí i ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1801, wọ́n kà á mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì fún bí ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì yọ ọ́ nígbà tí àwọn tí ó ń bá a rìn pọ̀ jù. Ọkọ̀ gbalasa Dawn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta, ọdún 2015, oṣù mẹ́rin ṣáájú ti Pílútò, òun sì dúró yí i ká. Orúkọ àwọn òrìṣà oko ni wọ́n ń sọ àwọn kòtò-ìkọlù Ceres. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 260 kìlómítà, ni Yalode, tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé òrìṣà ìkórè àwọn obìnrin ilẹ̀ Dahomey ni. Yorùbá tí ó bá ka orúkọ náà yóò gbọ́ Ìyálóde nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ṣẹ́ kù tí àbá yìí kò kàn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2019, New Horizons ṣe ìkọjá-lẹ́bàá mìíràn lẹ́bàá Arrokoth, tí ó jìnnà sí oòrùn ju Pílútò lọ. Ó gùn tó nǹkan bí 36 kìlómítà, ó sì jẹ́ apá méjì tí ó lẹ̀ mọ́ra bíi ti Kerberos. Kò rí roboto, nítorí náà kò lè jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì alájọrìn. Oòrùn ni ó sì ń yí ká, nítorí náà kò lè jẹ́ òṣùpá. Àwọn kan ń pè é ní òkúta, ṣùgbọ́n yìnyín pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìràwọ̀, èyí tí ó burú jù. Ègé-ìgbànú ni ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù nínú àwọn tí ó wà nílẹ̀ báyìí.